Kúkì Alátàǹpàkò: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Án Nílé Kí Ihò Rẹ̀ Má Dí, àti Àwọn Nǹkan Tí Ẹ Lè Fi Sínú Rẹ̀

Kúkì yìí kò ṣòro rárá. A ó po fúláwà mọ́ bọ́tà àti ṣúgà, a ó ṣù ú roboto, a ó fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ kó jin, a ó wá fi nǹkan aládùn sínú ihò náà. Àwọn ará Sweden ń pè é ní hallongrotta, jáàmù èso rásíbẹ́rì ni wọ́n sì máa ń fi sí i. Àwọn ará Jámánì a máa yan tiwọn nígbà Kérésì, wọ́n a fi jáàmù pupa tó kan díẹ̀ sí i. Lọ́dọ̀ tiwa, kò pọn dandan kí ẹ ra jáàmù olówó ńlá ní ṣọ́ọ̀bù. Gúáfà wà lọ́jà, ọ̀pẹ̀ òyìnbó wà, ẹ̀pà wà, àgbọn wà, ọsàn wẹ́wẹ́ wà, ìṣápá tí a fi ń se sóbò náà wà.

Ohun tó máa ń ba kúkì yìí jẹ́ jù ni kí ihò rẹ̀ dí. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́ dáadáa, á gbé e sínú ófùnù, nígbà tó bá fi máa ṣí i, kúkì ti tẹ́ pẹrẹsẹ, jáàmù ti ṣàn sórí tíréè, ó ti jó dúdú. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí bọ́tà tàbí lórí yìnyín tàbí lórí bí jáàmù ṣe gbọ́dọ̀ ki tó, ẹ mọ̀ pé ihò yẹn ni mo ń dáàbò bò.

Ohun èlò

Èyí á fún yín ní kúkì bíi 30:

- Bọ́tà, 225 gíráàmù (kọ́ọ̀bù ìwọ̀n kan)
- Ṣúgà funfun, 100 gíráàmù (ìdajì kọ́ọ̀bù)
- Pupa ẹyin méjì
- Fúláwà, 280 gíráàmù (kọ́ọ̀bù méjì àti ìdámẹ́rin)
- Fànílà, ṣíbí ìmutíì kan
- Iyọ̀, ìdajì ṣíbí ìmutíì. Bí bọ́tà yín bá ti ní iyọ̀, ẹ fi sílẹ̀

Kọ́ọ̀bù tí mo ń wí ni èyí tó ń gba 240 mìlílítà. Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ máa fi ṣíbí bu fúláwà sínú kọ́ọ̀bù náà, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó dọ́gba. Ẹ má ki kọ́ọ̀bù bọ inú àpò fúláwà, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí fúláwà tó bá pọ̀ jù máa ń mú kí kúkì gbẹ, kí etí rẹ̀ sì ya.

Kò sí baking powder níbẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Iṣẹ́ baking powder ni pé kó tú afẹ́fẹ́ jáde nínú iná kí nǹkan wú, bí kúkì yìí bá sì wú, ihò ni yóò kọ́kọ́ dí. Fúláwà tí wọ́n ti po baking powder mọ́ láti ilé iṣẹ́ náà kò dára fún un. Pupa ẹyin nìkan la sì ń lò nítorí pé omi ló pọ̀ jù nínú funfun ẹyin, omi yẹn a sì máa mú kí kúkì le bíi páànù tàbí kó tẹ́. Ẹ má da funfun náà nù. Ẹ bò ó sínú abọ́ kékeré, a ṣì máa lò ó.

Ọ̀rọ̀ bọ́tà

Orí bọ́tà ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ìwé ìdáná àwọn òyìnbó á ní kí ẹ gbé bọ́tà sílẹ̀ lórí tábìlì kó rọ̀. Inú ilé tiwọn, nǹkan bíi 18 sí 20°C ni. Tiwa ní Èkó tàbí Kútọnu lọ́sàn-án gangan lè tó 30°C, bọ́tà sì máa ń yọ́ pátápátá ní nǹkan bíi 32 sí 35°C. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ìwé, òróró lẹ máa bá nínú abọ́. Bọ́tà tó ti yọ́ kò ṣeé lò níbí, kódà bí ẹ bá dá a padà sínú fíríìjì tó sì tún dì, torí kúkì rẹ̀ á tẹ́.

Ẹ yọ bọ́tà nínú fíríìjì, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wá fi ìka tẹ ọ̀kan. Bí ìka bá wọlé díẹ̀ tí òróró kò sì lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti ṣeé lò. Bó bá ń dán tó sì ń yọ̀, ẹ dá a padà sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo mọ̀ pé bọ́tà wàrà gidi ti wọ́n. Margarine lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ ka ẹ̀yìn ike rẹ̀. Èyí tí ọ̀rá inú rẹ̀ bá dín ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún, omi ló fi rọ́pò ìyókù, èyí tó rọ̀ tí a fi ń pa búrẹ́dì sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ lo bọ́tà gidi ìdajì, kí ẹ sì lo margarine líle tí wọ́n ṣe fún yíyan nǹkan ní ìdajì. Bọ́tà á fún un ní òórùn àti adùn, margarine líle á sì bá a dúró gírígírí nínú ooru.

Pípò rẹ̀

Ẹ po bọ́tà àti ṣúgà pọ̀ pẹ̀lú ṣíbí onígi tàbí ẹ̀rọ fún bí ìṣẹ́jú méjì, kó kàn fara mọ́ra kó sì funfun díẹ̀. Kì í ṣe bíi ti kéèkì tí a ń lù títí tó fi ń fúyẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ẹ bá lù wọ inú rẹ̀ yóò wú nínú ófùnù. Ẹ fi pupa ẹyin àti fànílà sí i, ẹ rò ó pọ̀. Ẹ sẹ́ fúláwà àti iyọ̀ sí i, kí ẹ máa rò ó díẹ̀díẹ̀ títí ẹ kò fi ní rí fúláwà funfun mọ́. Ẹ dúró níbẹ̀. Fúláwà tó pọ̀ jù lọ́jà wa ni èyí tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, bí ẹ bá pò ó jù, yóò máa fà.

Ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bò ó, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí iná kò bá sí, ẹ di abọ́ náà sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, ẹ gbé e sáàárín yìnyín nínú kúlà, kí ẹ sì dé e. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ṣíṣù àti títẹ̀

Ẹ bu ú ní 20 gíráàmù 20 gíráàmù, ẹ ṣù ú láàárín àtẹ́lẹwọ́ kó rí roboto, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ẹ ṣù ú dáadáa, kí ara rẹ̀ dán láìsí ojú ìlà kankan, torí ojú ìlà ni ibi tí yóò ti ya.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ara rẹ̀ le kó sì ta sánsán, ìsinsìnyí ni kí ẹ gbé funfun ẹyin yẹn jáde. Ẹ lù ú díẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀kì, ẹ ri kúkì bọ̀ ọ́, ẹ yí i nínú ẹ̀pà sísun tí ẹ ti gún fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kajú, tàbí àgbọn tí ẹ ti rin tó sì ti gbẹ. Ẹ̀pà náà kò gbọ́dọ̀ kúná di lẹ́búlẹ́bú, torí òróró rẹ̀ á jáde.

Ẹ tò wọ́n sórí tíréè tí ẹ ti tẹ́ bébà ìyan-kéèkì sí, kí àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin wà láàárín wọn. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ báyìí: ẹ fi ìka ọwọ́ òsì mú ẹ̀gbẹ́ kúkì yípo, kí ẹ fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ àárín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìka ọwọ́ òsì yẹn ló ń dá etí rẹ̀ dúró kó má ya. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Ó yẹ kó ku bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ jáàmù á jò gba ìdí rẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá ń ya gan-an, ó ti tutù jù, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Bó bá ya díẹ̀, ẹ fi ìka pa á dé. Bó bá sì ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ó ti gbóná nìyẹn, kó padà sínú fíríìjì.

Ẹni tí èékánná rẹ̀ gùn lè fi ẹ̀yìn ṣíbí ìwọ̀n tó rí roboto tẹ̀ ẹ́, tàbí ìdí ìgò fànílà tí ẹ ti fọ̀ mọ́ tí ẹ sì fi fúláwà pa. Ihò rẹ̀ á dọ́gba ju ti àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn èyí tí ọwọ́ èèyàn hàn lára rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé gbogbo tíréè náà padà sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí firísà fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ibí yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fò ó. Kúkì tó wọ iná ní tútù, ara rẹ̀ á ti jinná díẹ̀ kí bọ́tà inú rẹ̀ tó yọ́, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó tẹ́.

Yíyan

Ẹ tan ófùnù sí 180°C (bó bá jẹ́ ófùnù tó ní fáànù nínú, 160 sí 170°C) fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbé nǹkan sí i. Àpapọ̀ àkókò rẹ̀ nínú iná jẹ́ ìṣẹ́jú 12 sí 14. Ófùnù oní-gáàsì tó wà nílé ọ̀pọ̀ wa, ìsàlẹ̀ ni iná rẹ̀ ti ń wá, ìdí kúkì á sì ti dúdú kí orí rẹ̀ tó pọ́n. Ẹ gbé tíréè sókè díẹ̀ ju àárín lọ, kí ẹ sì fi tíréè mìíràn tẹ́ ẹ nídìí.

Ẹ má dúró kó pọ́n yanranyanran. Bí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti ń pọ́n díẹ̀ tí orí rẹ̀ sì ṣì funfun, ó ti jinná. Yóò rọ̀ tí ẹ bá fọwọ́ kàn án; bó bá ṣe ń tutù ni yóò máa le. Ẹ fi sílẹ̀ lórí tíréè fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó ká a, torí ó máa ń fọ́ ní gbígbóná.

Ẹni tí kò ní ófùnù lè lo ìkòkò ńlá tó nípọn. Ẹ da yanrìn gbígbẹ tó mọ́ sí ìdí rẹ̀, ẹ gbé irin tàbí agolo pẹlẹbẹ sórí yanrìn náà, ẹ dé e, ẹ fi iná tí kò pọ̀ mú un gbóná fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú. Ẹ wá gbé àwo páànù tí kúkì wà nínú rẹ̀ lé e, kí ẹ dé e padà. Ó lè gbà tó ìṣẹ́jú 15 sí 20, orí rẹ̀ kì í sì í pọ́n, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ẹ má lo ìkòkò tí wọ́n fi nǹkan dúdú tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ pa nínú fún èyí. Bó bá gbóná jù lórí òfìfo, èéfín rẹ̀ kò dára fún èèyàn.

Ìgbà wo la ń fi nǹkan sínú ihò?

Èso tí a fi ṣúgà sè títí tó fi ki lè wọ inú iná. Ohunkóhun tó bá ní ẹyin, wàrà tàbí ṣokoléètì nínú, ẹ dúró di ìgbà tí kúkì bá tutù pátápátá.

Fún jáàmù, ọ̀nà tí mo ń lò rèé: mo máa ń yan kúkì lófìfo fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mo máa yọ ọ́, mo máa fi ẹ̀yìn ṣíbí ìmutíì rọra tẹ ihò náà lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó ṣì gbóná, mo máa fi jáàmù sí i, mo máa dá a padà fún ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún. Báyìí, jáàmù á ráyè dì mọ́ kúkì láìjẹ́ pé ó hó kọjá etí. Ìdajì ṣíbí ìmutíì ti tó fún ọ̀kan. Jáàmù kò gbọ́dọ̀ ga ju etí ihò lọ, torí bó bá hó yóò wú.

Èyí tí ẹ máa fi nǹkan sí lẹ́yìn, ẹ yan án parí, ṣùgbọ́n ẹ tún ihò rẹ̀ tẹ̀ ní kété tó bá jáde. Bó bá fi lè tutù, ẹ̀pa ò bóró mọ́, yóò fọ́ ni.

Gúáfà

Gúáfà ni mo máa kọ́kọ́ fi lé ẹni tí kò se jáàmù rí lọ́wọ́, nítorí pé pectin, ohun tó ń mú kí jáàmù dì, pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ gé gúáfà tó pọ́n 500 gíráàmù, ẹ fi omi 200 mìlílítà sè é títí tó fi rọ̀, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí kóró rẹ̀ kúrò. Ẹ wọn ohun tó jáde. Bó bá jẹ́ 400 gíráàmù, ẹ fi ṣúgà 300 sí i, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun kan. Ẹ sè é lórí iná díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Nígbà tí ẹ bá fi ṣíbí la ìdí ìkòkò tí ọ̀nà náà sì dúró díẹ̀ kó tó pa dé, ó ti ṣe. Ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ó máa ń ta síni lára, iná rẹ̀ sì le.

Ní Brazil, wọ́n máa ń se tiwọn kọjá ibẹ̀ títí yóò fi ṣeé fi ọ̀bẹ gé. Goiabada ni wọ́n ń pè é, ó sì wọ́pọ̀ nínú bísíkíìtì wọn. Bí ẹ bá se é dé ibẹ̀, ẹ gé e ní igun mẹ́rin kéékèèké, ẹ ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ ihò. Kì í ṣàn rárá, kúkì rẹ̀ sì ṣeé gbé rìn jìnnà.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó pẹ̀lú ìṣápá

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Pectin kò pọ̀ nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó, omi rẹ̀ sì pọ̀, ìdí nìyẹn tí jáàmù rẹ̀ fi máa ń ṣàn. Ìṣápá ní pectin, ó sì kan, nítorí náà ohun tí ọ̀kan kò ní ni èkejì gbé wá.

Ẹ ṣan ìṣápá gbígbẹ 20 gíráàmù dáadáa, torí yanrìn máa ń wà nínú rẹ̀, ẹ fi omi 250 mìlílítà sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ rin ọ̀pẹ̀ òyìnbó 400 gíráàmù, ẹ da omi ìṣápá náà lé e, ẹ jẹ́ kó hó lórí iná tó mọ níwọ̀n títí omi rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, kí ẹ tó wá fi ṣúgà 150 gíráàmù sí i. Bí ẹ bá tètè fi ṣúgà sí i, yóò jó kí omi tó gbẹ. Lẹ́yìn ṣúgà, ẹ má kúrò nídìí rẹ̀ mọ́. Yóò pọ́n, yóò máa dán, yóò sì máa kó jọ mọ́ ṣíbí. Ẹ kán díẹ̀ sórí àwo tútù, ẹ fi ìka tì í: bí ojú rẹ̀ bá ká jọ, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kúkì tí wọ́n yí nínú àgbọn ló bá a mu jù, funfun àgbọn àti pupa àárín rẹ̀ á hàn ketekete.

Bó bá jẹ́ jáàmù ṣọ́ọ̀bù lẹ ní tí kò sì ki, ẹ fi iná kékeré sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó lò ó.

Àwọn tí a ń fi sí i lẹ́yìn yíyan

Ọsàn wẹ́wẹ́: ẹ lu pupa ẹyin mẹ́ta, ṣúgà 75 gíráàmù àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ 60 mìlílítà pọ̀ nínú abọ́, ẹ gbé abọ́ náà lé orí ìkòkò tí omi ti ń hó díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ìdí abọ́ má kan omi. Ẹ máa rò ó láìdúró. Yóò ki lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ fi ìka fa ìlà lẹ́yìn ṣíbí. Bí ìlà náà kò bá pa dé, ẹ sọ̀ ọ́, ẹ ro bọ́tà 45 gíráàmù mọ́ ọn, ẹ sẹ́ ẹ, kó lọ sínú fíríìjì. Bí ẹ bá jẹ́ kó hó, ẹyin díndín lẹ máa rí.

Ṣokoléètì: ẹ gé ṣokoléètì dúdú 100 gíráàmù wẹ́wẹ́. Ẹ mú mílíìkì inú agolo 60 mìlílítà gbóná títí ooru fi ń rú lórí rẹ̀, ẹ dà á lé e, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó rò ó. Ẹ wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i lókè. Ẹni tó bá fẹ́ kí kúkì fúnra rẹ̀ dúdú lè yọ fúláwà 30 gíráàmù, kó fi lẹ́búlẹ́bú kòkó 30 gíráàmù dípò rẹ̀.

Ẹ̀pà: ẹ̀pà lílọ̀ 120 gíráàmù, ṣúgà lẹ́búlẹ́bú 40, bọ́tà yíyọ́ 15, iyọ̀ fínńfín. Ẹ pò ó pọ̀, ó parí. Ẹ rí i dájú pé ẹ sọ fún ẹni tí ẹ bá fún pé ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, torí ara àwọn kan kì í gbà á rárá, ó sì lè gba ẹ̀mí ẹni.

Mílíìkì aládùn inú agolo: ẹ dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú bọ́tà 20 gíráàmù, ẹ rò ó lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 títí yóò fi pọ́n díẹ̀ tí yóò sì máa kúrò lára ìkòkò. Àwọn kan máa ń se agolo rẹ̀ láìṣí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Bí omi bá gbẹ mọ́ ọn, agolo náà lè bú.

Ìtọ́jú

Kúkì òfìfo a máa dára fún ọ̀sẹ̀ kan nínú ike tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Èyí tó ní jáàmù, ẹ jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, torí omi jáàmù á máa rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má tò ó léra láìfi bébà sáàárín. Àwọn tí ẹ ti tẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò tíì yan lè wà nínú firísà fún oṣù méjì. Láti inú firísà tààrà ni kí ẹ gbé wọn sínú iná, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún àkókò rẹ̀.

Èyí tó ní ọsàn wẹ́wẹ́, ọjọ́ tí ẹ bá fi sí i náà ni kí ẹ jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ òde ayẹyẹ lẹ ń gbé e lọ, ẹ kó kúkì òfìfo sínú ike, ẹ bu ọsàn wẹ́wẹ́ náà sínú ọ̀rá kékeré, ẹ gbé e sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ gé igun ọ̀rá náà, kí ẹ máa fún un sínú ihò bí ẹ ti ń gbé àwo síwájú àlejò.